Àjàyí Crowther àti Àwọn Ará Ilé Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ní ilé yín, ta ni ó máa ń pọn omi? Ta ni ó máa ń pọn àbúrò yín? Ta ni ó máa ń ṣọ́ ilé bí bàbá bá rin ìrìn-àjò?

Lónìí, a ó ka ìtàn ọkùnrin kan tí ó ṣe iṣẹ́ ńlá. Orúkọ rẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther. Ó di olùkọ́, ó di àlùfáà, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ìtàn yìí pẹ̀lú.

1. Ọmọ Òṣogùn

Ó ti lé ní igba ọdún tí a bí Àjàyí. Ìlú Òṣogùn ni a bí i sí. Òṣogùn kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ní ilẹ̀ Yorùbá.

Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i ni a ń pè bẹ́ẹ̀.

Bàbá Àjàyí ń hun aṣọ. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Àfàlá. Àjàyí fẹ́ràn iṣẹ́. Ó ń sin adìẹ, ó sì ń gbin iṣu.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, àwọn ènìyàn ń se oúnjẹ. Lójijì, wọ́n gbọ́ ariwo. Ogun ti yí ìlú ká! Bàbá Àjàyí sáré wá sílé. Ó ní kí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ. Lẹ́yìn náà ó padà lọ bá àwọn tí ń jà. Àjàyí kò rí bàbá rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àfàlá gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ó mú àwọn ọmọ yòókù, wọ́n sì sá wọ inú igbó. Ṣùgbọ́n àwọn ológun mú wọn. Wọ́n ju okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni Àjàyí nígbà náà.

2. Ọwọ́ dé ọwọ́

Àwọn ológun pín àwọn ẹrú láàárín ara wọn. Wọ́n mú Àjàyí kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í gba ẹṣin kan. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n dá ẹṣin náà padà, wọ́n sì gba Àjàyí.

Ní ìlú kan, Àjàyí tún rí ìyá rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n tún fi yà wọ́n. Àjàyí sunkún títí. Kò fẹ́ jẹun mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, títí ó fi dé Èkó. Níbẹ̀ ni ó ti rí òkun. Ní ọdún 1822, wọ́n kó òun àti ọ̀pọ̀ ẹrú mìíràn sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Agùdà. Wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sí òkè òkun.

Kí ọkọ̀ náà tó jìnnà, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú. Wọ́n gba Àjàyí àti àwọn yòókù sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró.

Àjàyí di òmìnira. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà.

3. Ilé ìwé àti ìgbéyàwó

Ní ilẹ̀ Sàró, Àjàyí wọ ilé ìwé. Ó fẹ́ mọ ìwé kíákíá. Ó tọrọ owó kékeré lọ́wọ́ ará ìlú rẹ̀ kan, ó sì fi ra ìwé ABD. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti mọ̀ ọ́n kà. Ó tún kọ́ iṣẹ́ káfíńtà.

Ní ọdún 1825, Àjàyí ṣe ìrìbọmi. Ó gba orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1827, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní Fourah Bay. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní ilẹ̀ Sàró tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Asano. Òun náà ti wà nínú ọkọ̀ ẹrú. Ọkọ̀ ogun mìíràn ni ó gba òun sílẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 1822. Asano kọ́ ìwé, ó sì di olùkọ́. Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi, ó gba orúkọ Súsànà.

Crowther àti Súsànà fẹ́ ara wọn. Àwọn méjèèjì mọ bí ó ti rí kí a já ènìyàn gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Wọ́n jọ kọ́ ilé tiwọn. Wọ́n jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Ọlọ́run sì fún wọn ní ọmọ. Lára àwọn ọmọ wọn ni Samuel kékeré, Abigail, Josiah àti Dandeson.

4. Bàbá lọ sí ilé ìwé

Ní ọdún 1841, a pe Crowther sí ìrìn-àjò kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi ọkọ̀ wọ inú odò Ọya. Wọ́n fẹ́ ẹni tí ó gbọ́ èdè àwọn ènìyàn. Crowther bá wọn lọ. Ibà kọlu àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ òyìnbó sì kú. Ṣùgbọ́n Crowther padà sílé láàyè.

Kò pẹ́ tí ó sinmi. Àwọn olórí ìjọ fẹ́ kí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí a ń pè ní Islington ni ilé ìwé náà wà. Crowther ti di bàbá ọlọ́mọ. Síbẹ̀, ó tún ní láti jókòó bí ọmọ ilé ìwé.

Ta ni yóò wà pẹ̀lú àwọn ọmọ? Súsànà ni. Ó dúró ní ilẹ̀ Sàró pẹ̀lú wọn. Ó lé ní ọdún kan tí bàbá kò fi sí nílé.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ. Kò sí tẹlifóònù nígbà náà. Bí ènìyàn bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ tàbí ti bàbá rẹ̀, kò lè gbọ́ ọ. Lẹ́tà nìkan ni wọ́n lè kọ. Inú ọkọ̀ ojú omi ni lẹ́tà ń gbà, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Bí ọmọ bá ṣàìsàn lónìí, ó lè ti jí pẹ̀lú ara yíyá tipẹ́ kí bàbá tó gbọ́.

Crowther kò fi àkókò ṣòfò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 1843, ó tẹ ìwé kan jáde tí ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ. Ní ọdún náà gan-an ni a fi í jẹ àlùfáà. Ní oṣù kejìlá, ó padà dé ọ̀dọ̀ Súsànà àti àwọn ọmọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbé ní ìlú náà. Àwọn náà ti jẹ́ ẹrú rí. Wọ́n pé jọ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ní èdè ìyá wọn. Nígbà tí Crowther súre fún wọn, wọ́n dáhùn pé kó ṣẹ.

5. Gbogbo ilé gbéra

Ní ìparí ọdún 1844, Crowther tún gbéra. Ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dá lọ. Súsànà bá a lọ, wọ́n sì mú ọmọ dání. Nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n lò lórí òkun.

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ìlú yìí wà ní etí òkun, kò sì jìnnà sí Àjàṣẹ́.

Ìròyìn burúkú ni wọ́n bá níbẹ̀. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti kú. Òun ni ó ti ṣèlérí pé òun yóò gbà wọ́n ní Abẹ́òkúta. Ogun sì wà lójú ọ̀nà. Wọn kò lè lọ síwájú. Wọn kò sì fẹ́ padà sẹ́yìn.

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró ní Àgbádárìgì. Ibà ń ṣe wọ́n. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó tí ó bá wọn wá kú níbẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò jókòó lásán. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀, wọ́n sì ń wàásù lábẹ́ igi.

Nígbà tí ọ̀nà là ní ọdún 1846, wọ́n gba inú òjò àti ẹrẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, Crowther dé ìlú náà. Àdúgbò Ìgbẹ́ìn ni òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń gbé.

6. Ọjọ́ tí Àfàlá dé

Ní Abẹ́òkúta, Crowther gbọ́ ìròyìn tí ó mú ọkàn rẹ̀ fò. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè! Ó ń gbé ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, Àfàlá wá sí ilé ọmọ rẹ̀. Arákùnrin Crowther kan ni ó mú un wá. Obìnrin náà ti rù. Òun náà ti jìyà oko ẹrú. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Ọmọ kékeré ni ó mọ̀. Àgbà ọkùnrin tí ó ní ìyàwó àti ọmọ ni ó wá bá.

Nígbà tí Àfàlá rí i, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ìyá àti ọmọ di ara wọn mú. Wọn kò lè sọ̀rọ̀. Omijé ń ṣàn lójú ìyá.

Lẹ́yìn náà, Àfàlá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń pè é nígbà tí ó wà ní kékeré. Crowther rántí gbogbo wọn. Ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú.

Nísinsìnyí, àwọn ọmọ Crowther ti ní ìyá àgbà tiwọn. Súsànà ti ní ìyá ọkọ. Ilé tí ó fọ́ ní Òṣogùn tún ń di ọ̀kan.

Ní ọdún 1848, Àfàlá ṣe ìrìbọmi. Orúkọ tí ó gbà ni Hánnà. Nínú Bíbélì, Hánnà ni ìyá Sámúẹ́lì.

7. Ìwé tí iná jó

Crowther ní iṣẹ́ mìíràn. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn lè ka Bíbélì ní Yorùbá. Nítorí náà ó ń tẹ́tí sí bí àwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá gbọ́ òwe tàbí ọ̀rọ̀ tuntun, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1850, apá kan nínú Bíbélì Yorùbá rẹ̀ jáde.

Ó tún rin ìrìn-àjò púpọ̀. Ní ọdún 1851, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí ọbabìnrin Victoria. Ọbabìnrin fẹ́ gbọ́ bí Yorùbá ti rí, Crowther sì gba Àdúrà Olúwa fún un ní Yorùbá. Ní ọdún 1853, ó rìn dé Kétu láti kí Alákétu. Ní ọdún 1854 àti 1857, ó tún wọ inú odò Ọya. Nígbà kọ̀ọ̀kan, Súsànà ni ó ń mójú tó ilé.

Nígbà tí ó yá, wọ́n kó lọ sí Èkó. Ní ọdún 1862, iná sọ ní ìlú náà. Ilé Crowther jóná. Àwọn ìwé tí ó ti fi ọwọ́ kọ wà nínú rẹ̀. Àwọn òwe àti ọ̀rọ̀ tí ó ti ń kó jọ fún ọdún mọ́kànlá jóná pẹ̀lú. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ di eérú.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Crowther tún mú kálàmù. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn mìíràn ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 1884, odidi Bíbélì Yorùbá jáde.

8. Ilé bíṣọ́ọ̀bù

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Canterbury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà.

Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní etí odò Ọya, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ wà ní Èkó. Nítorí náà, ó máa ń pẹ́ kí ó tó rí àwọn ará ilé rẹ̀. Èyí kò rọrùn fún un. Kò sì rọrùn fún Súsànà.

Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà. Olúkúlùkù mú iṣẹ́ tirẹ̀. Samuel kékeré kọ́ bí a ti ń tọ́jú aláìsàn. Josiah ń ṣòwò. Dandeson di àlùfáà, ó sì bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní etí odò Ọya. Abigail fẹ́ Thomas Babington Macaulay. Ọkọ Abigail yìí ni ó dá ilé ìwé girama kan sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Abigail ni ó bí Herbert Macaulay, ẹni tí ó di olókìkí nínú ìtàn Nàìjíríà.

Súsànà kú ní ọdún 1880. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni òun àti Crowther fi jọ gbé. Àfàlá kú ní ọdún 1883, lẹ́yìn tí ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Crowther kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

9. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa

Orúkọ Crowther ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Wọn kò mọ orúkọ Súsànà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Crowther wà ní ilé ìwé, Súsànà ni ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nígbà tí ọ̀nà dí ní Àgbádárìgì, ó dúró tì í. Nígbà tí Àfàlá dé, ilé wà tí wọ́n lè gbà á sí.

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bí bàbá tàbí ìyá rẹ bá ń kọ́ṣẹ́, tàbí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn, ìwọ náà lè ṣe tìrẹ. Pọn omi. Gbá ilé. Ṣọ́ àbúrò rẹ. Iṣẹ́ ilé ni èyí pẹ̀lú.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìtumọ̀ orúkọ Àjàyí?
2. Kí ni bàbá Àjàyí ṣe nígbà tí ogun dé?
3. Báwo ni Àjàyí ṣe di òmìnira?
4. Ta ni ó tọ́jú àwọn ọmọ nígbà tí Crowther lọ sí Lọ́ńdọ̀nù?
5. Kí ló dé tí wọ́n fi pẹ́ ní Àgbádárìgì?
6. Ọdún mélòó ni Crowther àti ìyá rẹ̀ kò fi rí ara wọn?
7. Kí ni Crowther ṣe lẹ́yìn tí iná jó ìwé rẹ̀?
8. Sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ: iṣẹ́ wo ni ìwọ ń ṣe láti ran àwọn ará ilé rẹ lọ́wọ́?